Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé ẹranko gàgàrà tí wọ́n fọwọ́ ṣe jáde sí títì rí, ẹ wá sọ tiyín

Ẹ ṣé é ẹ̀gbọ́n tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, ó pẹ́ tí mo ti ń wá ibi tí màá ti sọ ọ́. Tacoma ni mò ń gbé, ní ìpínlẹ̀ Washington l'Amẹ́ríkà níbí. Olympia tó jẹ́ olú ìlú ìpínlẹ̀ wa ò jìnnà sí wa, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń ṣe Procession of the Species, ìyẹn ìwọ́de gbogbo ẹ̀dá, lóṣù April, àsìkò Earth Day, ọjọ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ayé. 1995 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ọdún tí Earth Day pé ọdún 25. Lọ́jọ́ náà ẹranko ló máa ń kún títì, ẹja, ẹyẹ, kòkòrò, àbùùbùtán, igi gan-an ń rìn, aráàlú ló sì fọwọ́ ara wọn ṣe gbogbo ẹ̀.

Òfin mẹ́ta péré ni wọ́n ní. Kò gbọdọ̀ sí ọ̀rọ̀ kíkọ, kí ẹnikẹ́ni má mú ẹran ọ̀sìn wá, kò sì gbọdọ̀ sí ohun tó ń lo ẹ́ńjìnnì. Ti ọ̀rọ̀ kíkọ yẹn lèmi fẹ́ràn jù, kí n má parọ́. Ẹ rò ó wò, kò sí bánà, kò sí orúkọ olóṣèlú, kò sí pátákó ilé iṣẹ́ kankan. Tó o bá fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé odò kan ń jìyà, ẹja tó o ṣe ló máa sọ ọ́, tí ẹja náà ò bá sì dáa tó láti sọ ọ́, kò sí pátákó tó máa bá ẹ sọ ọ́. Ìdí nìyẹn táwọn èèyàn fi ń ṣe iṣẹ́ náà dọ́jú àmì.

Ẹja salmon ni àwa ṣe. Ẹni tó bá mọ agbègbè yìí á ti rí wọn ní Tumwater Falls, ibi tí omi ti ń já wálẹ̀ lórí àpáta nítòsí Olympia, lóṣù September, bí wọ́n ṣe ń fò sókè dojú kọ omi, tí wọ́n ń padà síbi tí wọ́n ti wá. Kí ọjọ́ tó kò, wọ́n á ti ṣí ṣọ́ọ̀bù ńlá kan sílẹ̀ fún gbogbo ayé, ẹni tó bá wù á wọlé, páálí, aṣọ, ọparun àti pẹ́ńtì wà níbẹ̀. A tẹ ọparun tín-ínrín ní róbótó róbótó, a fi okùn so wọ́n mọ́ra láti ọrùn dé ìrù, a wá fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó. Páálí la fi ṣe orí, a po fúláwà mọ́ omi gbígbóná, a fi lẹ ìwé ìròyìn mọ́ ọn ní ìpele ìpele, ìgbà tó gbẹ dáadáa la tó fi pẹ́ńtì ilé kùn ún, torí òjò April níbí kì í bèèrè lọ́wọ́ ẹni, bébà tí ò bá rí pẹ́ńtì mu yó á yọ́ bí ẹ̀kọ.

Tẹ́ ẹ bá máa gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu mi, ẹ má jẹ́ kó wúwo. Orí ẹja náà ló máa ń pa èèyàn. Férémù irin àpò ẹ̀yìn àwọn tó ń gun òkè la gbé tiwa kọ́, kí ìbàdí ru ẹrù náà dípò èjìká. Ẹ lu ihò sí aṣọ ikùn ẹ̀ pẹ̀lú, kí afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀ láti etí òkun rí ibi kọjá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹja á gbé yín lọ síbi tí ò sí nínú ètò.

Bàbá àgbà kan tó ti ń ṣe é tipẹ́ ló kọ́ wa ní ìrìn. Ẹni tó wà níwájú á yà sọ́tùn-ún, ẹni kejì ò ní tẹ̀lé e lójú ẹsẹ̀, á fi ìṣísẹ̀ kan sílẹ̀, ẹni kẹta náà á ṣe bẹ́ẹ̀, títí dé ìrù. Ibẹ̀ ni ìlúwẹ̀ẹ́ ti ń jáde. Tí gbogbo wa bá jọ yà lẹ́ẹ̀kan náà, igi lásán la gbé o.

Ẹnì kan wà níwájú tí ò gbé nǹkankan, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa wo òkè. Tó bá ti pariwo "wáyà!", a mọ̀ pé a ti dé abẹ́ iná tíráfíìkì nìyẹn, orí á wálẹ̀, ọparun kọ̀ọ̀kan á wálẹ̀ tẹ̀lé e, tá a bá ti kọjá orí á tún dìde. Àwọn ọmọdé tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì rò pé ṣe ni ẹja ń fò, wọ́n hó yèè, látìgbà yẹn gbogbo iná tíráfíìkì tá a bá bá ṣáà la máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fò dáadáa.

Lábẹ́ aṣọ yẹn, gìgísẹ̀ ẹni tó wà níwájú ẹ nìkan lo máa rí, àti àwòrán tí àwọn èèyàn ti fi ṣọ́ọ̀kì yà sílẹ̀ títì. Ìlù sámbà ń dún lẹ́yìn. Ọmọ ilé eégún ni mí lọ́dọ̀ ìyá mi, lọ́dọ̀ wa nílé eégún apidán a máa di ọ̀nì, a máa di erè lójú agbo, inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi.

---

Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Àjàṣẹ́ lèmi wà, Porto-Novo ní ilẹ̀ Benin. Àwa Agùdà níbí, ọmọ ọmọ àwọn tó ti Brazil padà wá, máa ń gbé Bourian, eré ẹranko àti òmìrán tiwa, jáde tó bá di ọdún Bonfim, ọdún Kátólíìkì tó ti Brazil wá, lóṣù January. Ẹṣin wà, màlúù wà, ògòǹgò wà, òmìrán náà wà tó ga ju gbogbo èèyàn lọ, ìlù sámbà onígun mẹ́rin ló ń lọ́ wọn nídìí. Ìgbà tí mo wà ní kékeré, tí màlúù yẹn bá kọjú sí mi, ẹ̀yìn ìyá mi ni mo máa ń sá sí. Ìbéèrè mi ni pé níbo lẹ ń kó tiyín sí tó bá tán? Tiwa wà nínú ilé lọ́dọọdún, aṣọ la kàn ń pààrọ̀.

---

Àbúrò mi, ẹ ṣé gan-an. A tú ara ẹ̀ palẹ̀, a dá ọparun padà sí ṣọ́ọ̀bù kí ẹlòmíì lè rí nǹkan lò, orí nìkan ló wà ní gáréèjì mi. Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá ní fọ́tò ibi tí wọ́n ti so férémù ògòǹgò yẹn mọ́ ìbàdí ẹni tó wọ̀ ọ́, ẹ bá mi gbé e síbí. Ẹyẹ elẹ́sẹ̀ gígùn la fẹ́ ṣe lọ́tẹ̀ yìí, ọrùn ẹ̀ ò tíì fẹ́ dúró.