Snake plant ti la ìkòkò rẹ̀: ìkòkò wo ló kàn, irú ilẹ̀ wo ni kí n pò?

Ewétutù

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin alọ́gbà. Ìbéèrè mi dá lórí snake plant, òdòdó inú ilé tí ewé gígùn rẹ̀ máa ń nàró, irú èyí tí etí ewé rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè. Inú ìkòkò rọ́bà tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 18 ló wà. Ewé rẹ̀ ti di 14, èyí tó ga jù ń lọ sí sẹ̀ǹtímítà 70. Ara ìkòkò ti wú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì ti là níbẹ̀. Gbòǹgbò ti yọ jáde ní ihò ìsàlẹ̀. Bí mo bá bomi rin ín, ẹsẹ̀kẹsẹ̀ lomi ń ṣàn jáde. Ìbàdàn ni mo wà, pálọ̀ tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ìlà oòrùn ni mo gbé e sí.

Ìkòkò kọ̀ǹkéré tuntun kan wà nílẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 40. Ṣé kí n gbé e síbẹ̀ kó lè ráyè dáadáa? Irú ilẹ̀ wo ni kí n pò fún un? Báwo ni mo ṣe máa yọ ọ́ láì ṣẹ́ ewé, ìgbà wo ni kí n sì bomi rin ín lẹ́yìn náà? Ewé kan tún ti ṣẹ́ láàárín: ṣé mo lè fi gbin òmíràn? Ẹ ṣeun.

Bàbá Ọgbà

Ẹ kú ìtọ́jú. Ẹ má gbé e sínú ìkòkò 40 yẹn rárá. Omi ló ń pa òdòdó yìí, ìkòkò tó há kì í pa á. Gbòǹgbò tó kún ìkòkò 18 kò lè mu omi tí ilẹ̀ ìkòkò 40 máa gbà sára. Ilẹ̀ tí gbòǹgbò kò tíì dé á tutù fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, afẹ́fẹ́ á tán nínú rẹ̀, gbòǹgbò á bẹ̀rẹ̀ sí í rà. Ewé á ṣì nàró bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é, torí omi ti wà nípamọ́ nínú ara rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá fọwọ́ kan ìdí ewé tó rọ̀, abẹ́ ilẹ̀ ti bàjẹ́ tipẹ́.

Ìkòkò tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ 22 tàbí 23 ló kàn. Kó má jìn ju bó ṣe fẹ̀ lọ, torí ẹ̀gbẹ́ ni òdòdó yìí ń tẹ́ sí. Ìkòkò amọ̀ ni mo fẹ́ràn jù fún un: omi ń gba ara amọ̀ gbẹ, ó sì wúwo, ewé gígùn kò ní fà á ṣubú. Ihò ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìka ọwọ́ kan, ó kéré tán.

Ilẹ̀: kóńgò 2 ilẹ̀ dúdú tí ẹ ti kù, kóńgò 2 yanrìn odò, kóńgò 1 ìgbẹ́ màlúù tàbí ti adìẹ tó ti jẹrà pátápátá. Yanrìn tí wọ́n fi ń po kọ̀ǹkéré ni mo ń sọ, oníhóró tó ń ta lọ́wọ́. Èyí tí wọ́n fi ń rẹ́ ilé kúnná jù, ṣe ló máa dì mọ́ ilẹ̀. Ẹni tó bá wà l'Ékòó kó má bu ti etí òkun, iyọ̀ inú rẹ̀ á jó gbòǹgbò. Ìgbẹ́ adìẹ tútù náà ń jó o; kó ti lo oṣù mẹ́ta lórí ààtàn, kí òórùn rẹ̀ má ta sí imú mọ́, kó tó wọ ìkòkò. Bí ẹ bá pò ó tán, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i, ẹ bu ìkúnwọ́ kan, ẹ fún un. Tó bá dì bí òkèlè ẹ̀bà, yanrìn ò tó. Tó bá fọ́ nígbà tí ẹ fi ìka kàn án, ó ti ṣe déédéé. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ oko lẹ bù, ẹ da omi híhó sí i lọ́jọ́ mélòó kan ṣáájú kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ, torí aràn tíntìntín tó ń jẹ gbòǹgbò.

Láti Ẹrẹ́nà dé Òkúdù, nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ni gbòǹgbò ń yára jáde jù. Àmọ́ ìkòkò tó ti là kì í dúró de oṣù. Ẹ ṣe é, àyàfi tó bá jẹ́ inú ọyẹ́ la wà.

Ẹ má bomi rin ín fún ọjọ́ 5 sí 7 kí ẹ tó yọ ọ́, kí ilẹ̀ lè gbọ̀n dànù láì fa gbòǹgbò já. Ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ di àwọn ewé pọ̀ níbi méjì, kó má le jù. Ẹ dá ìkòkò dùbúlẹ̀, ẹ tẹ ara rẹ̀ yíká. Ẹ má di ewé mú kí ẹ máa fà á, ìdí rẹ̀ ló máa já. Níwọ̀n bí tiyín ti là, ẹ fi ọ̀bẹ là á tán láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ẹ ó rí nǹkan kan tó nípọn tó ń rìn níbùú lábẹ́ ilẹ̀ bí atalẹ̀. Atalẹ̀ náà ni n ó máa pè é níbí. Òun ló ta ìkòkò yín. Òun àti gbòǹgbò ló sì gba àyè ilẹ̀ tán nínú ìkòkò, ìdí nìyẹn tí omi kò fi rí ibi dúró sí. Gbòǹgbò tó yè le, ó funfun tàbí kó ní àwọ̀ ọsàn. Èyí tó ti rà dúdú, ó rọ̀, èèpo rẹ̀ á bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, á sì máa rùn. Ẹ gé e kúrò pẹ̀lú ọ̀bẹ tí ẹ fi spírítì nù. Gbòǹgbò tó ti lọ́ yíká bí òṣùká, ẹ fi ọwọ́ tú u. Bí kò bá tú, ẹ gé ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀.

Ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 3 sí ìsàlẹ̀ ìkòkò tuntun, kí ilẹ̀ tẹ̀ lé e. Orí atalẹ̀ kó wà ní sẹ̀ǹtímítà 2 sábẹ́ ilẹ̀. Ìdí ewé kò gbọdọ̀ rì ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ẹ fi àyè sẹ̀ǹtímítà 2 sílẹ̀ lẹ́nu ìkòkò. Bó bá ń fì, ẹ to òkúta méjì mẹ́ta yí ìdí rẹ̀ ká títí gbòǹgbò yóò fi di ilẹ̀ mú.

Omi dọjọ́ keje. Tí ẹ bá pín in sí méjì, ó dọjọ́ kẹwàá. Ẹ bomi rin ín títí yóò fi jáde nísàlẹ̀, kí ẹ sì da èyí tó bá wà nínú àwo abẹ́ rẹ̀ nù. Lẹ́yìn ìyẹn, igi súyà ni kí ẹ máa fi wò ó: ẹ tì í bọ ilẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀, ẹ fi í síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tó bá jáde pẹ̀lú ọ̀rinrin tàbí ilẹ̀ lára, kò tíì yá.

Ìyá Olódòdó

Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Mo fara mọ́ gbogbo rẹ̀, àfi òkúta wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀ yẹn. Ẹ jọ̀wọ́ ẹ má bínú, kì í jẹ́ kí omi tètè jáde, ńṣe ló ń gbé omi súnmọ́ gbòǹgbò. Omi kì í fẹ́ kúrò nínú ilẹ̀ tó kúnná bọ́ sáàárín òkúta tí àlàfo rẹ̀ tóbi, àfi ìgbà tí ilẹ̀ òkè rẹ̀ bá ti rin gbingbin. Ibi tó máa ń rin yẹn kì í tán nínú ìkòkò. Ìsàlẹ̀ pátápátá ló yẹ kó wà. Tí ẹ bá da òkúta sẹ̀ǹtímítà 3 síbẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 3 náà lẹ fi gbé e sókè.

Ẹni tó bá fẹ́ rí i kó mú fóòmù tí a fi ń fọ abọ́. Kó rẹ ẹ́ sínú omi, kó gbé e sókè pẹrẹsẹ títí tí kò fi ní kán mọ́. Kó wá gbé e nàró: omi mìíràn á tún kán. Fóòmù kan náà ni, gíga rẹ̀ ló pọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilẹ̀ inú ìkòkò. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ kan náà kún un láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ sì fi agbára yín sí yanrìn inú rẹ̀.

Ti ewé tó ṣẹ́: ẹ lè gbìn ín, ṣùgbọ́n ọmọ tó máa jáde kò ní ní àwọ̀ ìyeyè létí. Ìṣù ara tó fún etí ewé ní àwọ̀ ìyeyè yàtọ̀ sí ti àárín. Inú àárín tó ní àwọ̀ ewé ni ọmọ ti ń hù nígbà tí a bá gbin ewé, nítorí náà, ewé aláwọ̀ ewé lásán lẹ máa rí. Ẹni tó bá fẹ́ etí ìyeyè, àfi kó pín atalẹ̀, kí ìpín kọ̀ọ̀kan ní ewé méjì tàbí mẹ́ta àti gbòǹgbò tirẹ̀.

Tí aláwọ̀ ewé náà bá wù yín, ẹ gé ewé sí ègé sẹ̀ǹtímítà 8 sí 10, kí ẹ fi àmì sí ìsàlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ bá dorí rẹ̀ kodò kò ní ta gbòǹgbò. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ méjì lábẹ́ òjìji, kí ẹ tì í bọ yanrìn tó tutù díẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 3. Gbòǹgbò lè gba oṣù kan sí méjì, ọmọ á sì tún pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má máa fà á tu láti wò ó.

Bàbá Ọgbà

Ọ̀rọ̀ fóòmù yẹn yé mi, Ìyá. Mo yọ òkúta kúrò. Àpáàdì kan péré lórí ihò tó, kí yanrìn má bàa ṣàn jáde, kó dojú bolẹ̀ kó má dí ihò pa.

Ewétutù

Ẹ ṣé gan-an. Kí ni kí n wá fi ìkòkò kọ̀ǹkéré ṣe? Kò tilẹ̀ ní ihò.

Ìyá Olódòdó

Ẹ fi ṣe ẹ̀wà ìta ni. Ẹ to búlọ́ọ̀kù sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ gbé ìkòkò 22 lé e, kí ẹnu méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Tí ẹ bá fẹ́ bomi rin ín, ẹ gbé e jáde, kó kán tán kó tó padà. Omi tó bá dúró sísàlẹ̀ kọ̀ǹkéré, ẹ̀fọn ló máa yé síbẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbin nǹkan sínú rẹ̀ tààrà, ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ lu ihò mẹ́ta sí i. Kọ̀ǹkéré tuntun ń tú èròjà sìmẹ́ǹtì sínú ilẹ̀, kì í jẹ́ kí gbòǹgbò rí oúnjẹ kan mú. Ẹ pọn omi kún un kí ẹ tó lu ihò, ẹ máa dà á nù kí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ewéko Peckham

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á láti London, ẹ má fi ìṣirò Ìbàdàn ṣe é. Oṣù kẹrin sí ìkẹjọ ni kí ẹ pààrọ̀ ìkòkò. Nínú òtútù, ilẹ̀ kì í gbẹ. Ilẹ̀ inú ọ̀rá tí wọ́n ń tà níbí ń gba omi sára jù: ẹ lo ìwọ̀n 2 rẹ̀, ìwọ̀n 1 perlite (òkúta funfun wẹ́wẹ́ tó fúyẹ́), ìwọ̀n 1 yanrìn oníhóró. Ní oṣù kejìlá sí ìkejì, omi ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ti tó. Ẹ gbé e kúrò lẹ́bàá gíláàsì fèrèsé lálẹ́, kò fẹ́ kí otútù lọ sí ìsàlẹ̀ 10°C.

Orúkọ méjì lẹ ó rí lára ìkòkò lọ́jà: Sansevieria trifasciata àti Dracaena trifasciata. Ọ̀kan náà ni wọ́n. Láti 2017 ni orúkọ ti yí sí Dracaena. Ilẹ̀ wa gan-an ló ti wá, láti Nàìjíríà lọ dé Kóńgò, ọmọ ìyá rẹ̀ sì ni ọ̀jà ìkookò inú igbó. Ẹni tó ní ajá tàbí ológbò kó gbé e sókè, torí tí wọ́n bá jẹ ewé rẹ̀, wọ́n á bì.

Ewétutù

Mo ti yọ ọ́. Apá kan lára atalẹ̀ dúdú, ó rọ̀, gígùn rẹ̀ tó ìka méjì, ewé mẹ́ta ló sì wà lórí rẹ̀. Èyí tó kù le dáadáa. Kí ni kí n ṣe?

Bàbá Ọgbà

Ẹ gé e dànù, kí ọ̀bẹ wọ sẹ̀ǹtímítà 1 sínú ibi tó le. Ojú ibi tí ẹ gé gbọ́dọ̀ mọ́ kedere. Tí ẹ bá ṣì rí àmì dúdú, ẹ tún gé. Ẹ fi spírítì nu ọ̀bẹ lẹ́yìn gígé kọ̀ọ̀kan. Ẹ lọ èédú kúnná, ẹ fi pa ojú rẹ̀, kí ẹ sì gbé e sí òjìji fún ọjọ́ mẹ́ta láìgbìn. Ewé mẹ́ta yẹn, ẹ gé wọn lókè ibi tó rọ̀, kí ẹ ṣe wọ́n bí Ìyá ṣe ṣàlàyé. Ilẹ̀ àtijọ́ kò gbọdọ̀ wọ ìkòkò kankan mọ́. Gbòǹgbò sì ti dín kù báyìí, nítorí náà ìkòkò 20 ni kó wọ̀, kì í ṣe 22 mọ́, kí omi àkọ́kọ́ sì dọjọ́ kẹwàá.