Ilé mi l'Ógbómọ̀ṣọ́: ìrókò, tíìkì, àbí àfàrà? Igi wo ni kí n lò níbo?

Ọmọ_Ìsàlẹ̀_Àfọ̀n:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Mo ń kọ́lé lọ́wọ́ l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí, a ti kan òrùlé tán, ó ku ilẹ̀kùn, àjà pálọ̀, kábíńẹ́ẹ̀tì kíṣìnì, pẹ̀lú ibi ìjókòó kan tí mo fẹ́ kàn sẹ́yìn ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi máńgòrò, kéèyàn ríbi gbatẹ́gùn nírọ̀lẹ́. Mi ò fẹ́ MDF (pákó tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀) rárá, omi á kàn án báyìí ó ti wú. Igi gidi ni mo fẹ́. Wàhálà tó wà ńbẹ̀ ni pé káfíńtà àkọ́kọ́ ní ká fi ìrókò ṣe gbogbo ẹ̀ kí ọkàn mi balẹ̀, ìkejì ní tíìkì layé ń lò báyìí, ẹ̀gbọ́n mi kan tó ti kọ́lé ṣáájú mi wá ní àfàrà ni kí n lò torí kò wọ́n. Ká sọ òótọ́, owó ọwọ́ mi ò gbé ìrókò fún gbogbo ilé. Ikán sì tún pọ̀ ládùúgbò wa gan-an ni, kò síbi tí wọn kì í gbà wọlé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i, èwo ni kí n lò níbo?

Bàbá_Pákó_Ọ̀yọ́:
Ẹ kú ilé kíkọ́ o, Ọlọ́run á jẹ́ ká bá yín jẹ ìṣílé. Iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń ṣe l'Ọ́yọ̀ọ́ níbí, láti kékeré ni mo ti wà nídìí ẹ̀. Ẹni tó ní ìrókò fún gbogbo ẹ̀ ò parọ́, igi tó dáa ni, ṣùgbọ́n kí lẹ fẹ́ fi ìrókò ṣe lójú àjà, níbi tí òjò ò dé tí ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn? Ẹ má nawó dànù. Kí ẹ tó dárúkọ igi kankan, ẹ wo ibi tó máa dúró sí, bóyá òjò máa pa á, bóyá ẹsẹ̀ ẹ̀ máa kanlẹ̀, bóyá oòrùn ọ̀sán máa wà lójú ẹ̀, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Ilẹ̀kùn àbájáde, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn, ìrókò tàbí igi apá. Igi apá le gan-an, ó máa ń kú ojú irinṣẹ́, ọ̀pọ̀ káfíńtà kì í fẹ́ fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n tó bá ti dúró ó dúró nìyẹn. Ilẹ̀kùn yàrá, ọ̀gánwó, ìyẹn mọ̀họ́gánì ilẹ̀ wa, tó, ọwọ́ ń bá a ṣe, ó sì ń gba pọ́líìṣì dáadáa. Àjà pálọ̀, arère tàbí àfàrà, torí wọ́n fúyẹ́, kò ní máa fa òkè wálẹ̀. Àmọ́ ẹ gbọ́ o, ikán fẹ́ràn àwọn méjèèjì yẹn, kòkòrò tó máa ń lu igi tá a máa rí ìyẹ̀fun ẹ̀ nílẹ̀ náà fẹ́ràn wọn, torí náà kí wọ́n fi oògùn ikán kùn ún tojú tẹ̀yìn kí wọ́n tó gbé e sókè, torí tí wọ́n bá ti kàn án tán ẹ ò lè rí ẹ̀yìn ẹ̀ mọ́.

Ìta, tó bá jẹ́ èmi, ọ̀pẹ̀pẹ̀ ni. Kò lókìkí tó ìrókò, ìdí nìyẹn táwọn èèyàn kì í fi rántí ẹ̀. Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ là á àwọ̀ ẹ̀ dà bí àtalẹ̀ pupa, lẹ́yìn náà lá wá ṣú. Òjò ò rí i gbé ṣe, kódà wọ́n ń fi ṣe èbúté létí omi níbi tó jẹ́ pé inú omi gan-an ni òpó ẹ̀ ń gbé. Ó máa ń sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lójú bó bá ń gbẹ, ẹ má bẹ̀rù ìyẹn.

Tó bá wá jẹ́ ìrókò lẹ fẹ́ rà ṣáá, ẹ yí pákó náà nàró kí ẹ wo etí ẹ̀. Apá inú tó pọ́n, tí yóò tún dúdú sí i bí oòrùn bá ti ń kàn án, òun gangan lẹ ń sanwó lé. Èyí tó funfun lápá èèpo yẹn, lóòótọ́ ara igi kan náà ni, ṣùgbọ́n ikán ń jẹ ẹ́ tìrọ̀rùntìrọ̀rùn. Èèyàn á ra ìrókò, ikán á jẹ ẹ́, á ní irọ́ ni wọ́n ń pa pé ikán kì í jẹ ìrókò. Apá funfun ló rà! Ẹ sì sọ fáwọn tó máa rẹ́ ẹ kí wọ́n fi nǹkan bo imú, ìyẹ̀fun ìrókò máa ń jẹ́ kéèyàn máa sín, ara á máa yún ẹlòmíì, mímí ẹlòmíì á le. Òkúta tún máa ń wà nínú ẹ̀ nígbà míì, báléèdì á kàn ké gbì! lójijì, eyín ẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Ìyá_Ìbejì_Onípákó:
Bàbá ti sọ ọ́ dáadáa, ẹ ṣé sà. Èmi pákó ni mò ń tà l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí, ọ̀rọ̀ tèmi kúkurú ni. Igi tútù lẹ máa bá lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ nínú wa. Gẹdú á dé láti ọ̀nà Oǹdó àti Ifẹ̀, wọ́n á là á lónìí, wọ́n á tà á lọ́la, káfíńtà á fi ṣe ilẹ̀kùn lọ́tùnla. Nígbà òjò kò ní sí wàhálà. Ẹ jẹ́ kí ọyẹ́ ìlú wa yìí dé, ẹ ṣáà mọ bó ṣe máa ń fẹ́, pákó á sún kì, àlàfo á ṣí sílẹ̀ láàárín, ilẹ̀kùn ọ̀hún á lọ́, kọ́kọ́rọ́ ò ní bá ojú ihò mọ́, wọ́n á wá máa bú ẹni tó ta igi.

Torí náà ẹ ra igi nísinsìnyí tí ẹ ò tíì nílò ẹ̀. Ẹ tò ó síbi tí atẹ́gùn ń gbà kọjá tí oòrùn ò ti ní máa bá a jà, ẹ gbé e kúrò nílẹ̀, ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín pákó kan sí èkejì, ẹ kun orí àti ìdí ẹ̀ ní ọ̀dà kó má baà là. Àwọn àgbà nídìí iṣẹ́ yìí máa ń ṣírò ọdún kan fún ínṣì kan. Tí ẹ ò bá lè dúró tó bẹ́ẹ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ní ẹ̀rọ tó ń gbẹ igi, owó á lé e ṣùgbọ́n ẹ máa sùn.

Ẹ sì ṣọ́ra fún orúkọ o. Gbogbo igi tó bá ti pupa ni wọ́n ń pè ní mọ̀họ́gánì lọ́jà. Ẹ mú ẹni tó mọ igi dání.

Adé_Texas:
Ẹ jọ̀ọ́ kí ló dé tẹ́nikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ nípa igi pine? Lọ́dọ̀ wa l'Ámẹ́ríkà níbí pine ni wọ́n fi ń kan fáráǹdà ẹ̀yìn ilé, ti ọ̀gá mi ti lé lọ́dún mẹ́wàá òjò àti yìnyín ló ń rọ̀ lé e. Ó fúyẹ́, kò wọ́n.

Igbó_Ọba:
Bọ̀dá Adé, pine tí ẹ rí yẹn ti mu oògùn ni sà, wọ́n fi ẹ̀rọ rọ oògùn wọnú ẹ̀. Pine tí kò gba oògùn, tí ẹ bá gbé e wá sí Ògbómọ̀ṣọ́, àkàrà ikán ni. Oògùn ọ̀hún gan-an, ẹ bèèrè irú èyí tó jẹ́. Èyí tó ní májèlé arsenic nínú tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, àwọn tó ń ṣe é ní Amẹ́ríkà ti fọwọ́ ara wọn dá a dúró fún igi ilé gbígbé láti ìparí 2003, torí àwọn ọmọdé tó ń fọwọ́ pa á.

Ní ti tíìkì, ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ torí iṣẹ́ igbó ni mo ti ṣe. Kì í ṣe igi ilẹ̀ wa, láti ọ̀nà Íńdíà àti Bọ́mà ni wọ́n ti kó o wá, ṣùgbọ́n ilẹ̀ wa gbà á, ó wà ní Olókèméjì láàárín Ìbàdàn sí Abẹ́òkúta, igbó ọba tó ti wà láti 1899. Òróró wà nínú ara ẹ̀, ìyẹn ni kò jẹ́ kí omi àti ikán rí i mú. Tíìkì tó dàgbà là ń sọ o. Èyí tó pọ̀ lọ́jà báyìí, ọmọ kékeré ni wọ́n ń gé, apá funfun ẹ̀ pọ̀ ju apá búráùn lọ, orúkọ nìkan ló jọ. Ẹ wo ojú ibi tí wọ́n ti gé e, tí apá búráùn bá kéré ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn, kí wọ́n lọ fi ṣe òpó iná.

Ẹni tó bá tún ń ronú àtikó pákó ọ̀gánwó tàbí igi apá lọ fáwọn èèyàn ẹ̀ lókè òkun, kó kọ́kọ́ wádìí o. Láti ìpàdé CITES (àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí títa igi àti ẹranko tó fẹ́ run) tí wọ́n ṣe ní Panama ní 2022 ni igi méjèèjì ti wọ ìwé àwọn tó nílò ìwé àṣẹ kó tó kọjá ẹnubodè.

Àlàbí_Tákíè:
Gbogbo èyí tí ẹ sọ mo gbọ́, ṣùgbọ́n èmi ò ní gbé ìrókò wọ ilé tí mò ń sùn o. Ẹ̀yin ò mọ Olúwéré, iwin tó ń gbé inú ìrókò, ni? 😂

Bàbá_Pákó_Ọ̀yọ́:
Àlàbí, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì àti ti mọ́ṣáláṣí tí mo ti fi ìrókò ṣe, o ò lè kà á tán, Olúwéré ò sì tíì bá ẹnikẹ́ni kírun. Lọ sùn jàre.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀_Àfọ̀n:
Ẹ ṣé gan-an ni gbogbo yín, àǹtí Ìyá Ìbejì pàápàá, mi ò tiẹ̀ rò ó dé ibi gbígbẹ rárá. Bó ṣe wà lọ́kàn mi báyìí ni ìrókò fún ilẹ̀kùn àbájáde méjì péré, ọ̀gánwó fún yàrá, arère lókè, ọ̀pẹ̀pẹ̀ níta. Ó ku kíṣìnì, ìyàwó mi ní àwọ̀ funfun lòun fẹ́. Bàbá, ṣé àfàrà lè ṣe kábíńẹ́ẹ̀tì? Àti pé kí la máa fi kun tìta, torí ẹnì kan ní kí n da ọ́ìlì ọkọ̀ tí wọ́n ti lò sí i.

Bàbá_Pákó_Ọ̀yọ́:
Ọ́ìlì ọkọ̀ kẹ̀! Igi òrùlé ni wọ́n ń fi ìyẹn kùn, tí ẹnikẹ́ni ò ní jókòó lé. Ẹni tó bá fi aṣọ funfun jókòó sórí ẹ̀ lọ́jọ́ ọdún, ẹ̀yin lẹ máa fọ̀ ọ́.

Níta, ẹ má lo fáníìṣì tó ń dán yẹn, oòrùn á lé e sókè, á máa ṣí bẹ́lẹ́bẹ́lẹ́, ẹ ó wá máa há a kúrò kí ẹ tó lè kun òmíì. Òróró igi ni kí ẹ lò, bíi linseed, ẹ fi àkísà pa á wọnú ẹ̀, tó bá ti ń gbẹ lójú ẹ tún un pa. Tí ẹ ò bá tiẹ̀ fi nǹkan kan pa á, á kàn di eérú láwọ̀ ni, kò ní kó jẹrà. Ohun tó ń pa ibi ìjókòó ìta ni ìdí òpó. Ẹ má ri òpó mọ́lẹ̀ o! Kí bíríkìlà da kọ́ńkéré tó yọrí sókè díẹ̀, kí ẹ fi irin dì í mú lórí ẹ̀, kí omi lè máa ṣàn lọ, kí ẹ sì máa rí ikán tó bá fẹ́ gòkè. Ìṣó àti síkúrù tí kì í dípẹtà ni kí wọ́n lò, torí ìpẹtà á ba àwọ̀ igi jẹ́.

Àfàrà dáa fún kábíńẹ́ẹ̀tì, funfun náà ló jẹ́, madam á fẹ́ràn ẹ̀. Ṣùgbọ́n abẹ́ síńkì, ibi tí páìpù ti máa ń jò, ẹ fi ọ̀gánwó tàbí ìrókò díẹ̀ ṣe ibẹ̀ kí ẹ kùn ún láwọ̀ àfàrà, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Ẹ̀yin àti Ìyá Ìbejì ẹ jọ sọ̀rọ̀ pákó, ẹ má sì ra ínṣì méjì fún ilẹ̀kùn tí ẹ fẹ́ kó jẹ́ ínṣì méjì. Ó máa sún kì bó bá gbẹ, pléènì tún máa há a lójú méjèèjì, ẹ rà á nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ.