Àwọn Ìlú Tí Ogun Fi Hàn Wá

Kí ogun tó bẹ́ sílẹ̀ ní Ukraine ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì ọdún 2022, ohun tí mo mọ̀ nípa ibẹ̀ kò ju ìbúgbàmù ilé iṣẹ́ iná átọ́míìkì Chernobyl ti ọdún 1986 lọ. Láàárín oṣù díẹ̀, mo ti lè tọ́ka sí Kharkiv, Mariupol àti Bakhmut lórí àwòrán ilẹ̀. Mo mọ odò Dnipro, nítorí pé àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà fi ìlú Kherson sílẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, wọ́n sì sọdá sí òdìkejì odò náà. Mo mọ dáàmù Kakhovka nítorí pé ó wó ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, tí omi sì ya bo àwọn ìletò tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo wá yẹ ìmọ̀ yìí wò, ìmọ̀ ọ̀gágun ni gbogbo rẹ̀: afárá, odò, ojú irin, òkè tí wọ́n ti lè yìnbọn. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ní ohun tí àwọn ará Kherson ń gbìn, n kò ní rí èsì fọ̀.

* * *

Bàrà olómi ni wọ́n ń gbìn ní Kherson, ẹ̀gbọ́n. Ó lókìkí káàkiri Ukraine. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yín rán mi létí ibi iṣẹ́ mi àtijọ́, níbi tí ẹnì kan ti dárúkọ Sarajevo, olú ìlú Bosnia. Èyí tó dàgbà jù nínú wa rántí ìdíje Òlíńpíìkì ìgbà òtútù ọdún 1984, èmi rántí bí wọ́n ṣe dó ti ìlú náà láti ọdún 1992 di 1996, ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ sì rántí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti pa Franz Ferdinand, àrólé ìtẹ́ Austria-Hungary, ní ọdún 1914. Kò sí ẹni tó ní ohun kan láti sọ nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1996, bí ẹni pé ìlú náà ṣíwọ́ wíwà nígbà tí àwọn oníròyìn kó ẹrù wọn.

* * *

Ẹ jọ̀wọ́, n kò fi gbogbo ara gba ọ̀rọ̀ ẹni àkọ́kọ́. Iṣẹ́ búrẹ́dì ni mo ń ṣe, àwòrán ilẹ̀ ogun kò sì kàn mí. Nígbà tí ìyẹ̀fun wọ́n gógó ni mo tó wádìí ibi tí àlìkámà ti ń wá, tí mo sì mọ̀ pé láti Odesa, èbúté kan ní Ukraine, ni ọkọ̀ ti ń gbé e gba Òkun Dúdú kọjá sí Istanbul, àti pé Lébánónì gbára lé e púpọ̀. Àdéhùn tó jẹ́ kí ọkà Ukraine lè gba Òkun Dúdú jáde, tí wọ́n bu ọwọ́ lù ní Istanbul ní oṣù Keje ọdún 2022 ni mo tẹ̀ lé ju ìjà èyíkéyìí lọ, títí Rọ́ṣíà fi yọwọ́ nínú rẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, àwọn ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn mọ́ etíkun Romania àti Bulgaria, orílẹ̀-èdè méjì tí kò bá ẹnikẹ́ni jà nínú ogun yìí, ṣùgbọ́n tí ogun náà ló jẹ́ kí n mọ èbúté wọn.