Tọ́bò àfọwọ́kàn lára jíípù dísù àtijọ́: ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí

Ará Gate:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni tó bá ní jíípù dísù àtijọ́ tí kò bá tọ́bò (ẹ̀rọ tí èéfín ẹ́ńjìnnì ń yí, tó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ wọnú ẹ́ńjìnnì) wá láti ilé iṣẹ́, tó wá fọwọ́ ara ẹ̀ kan tọ́bò mọ́ ọn, tàbí tó gbé e fún mẹkáníìkì àdúgbò, kó wá sọ bó ṣe rí. Ó dára ni o, kò dára ni o, ẹ kó o wá.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀. Tèmi ni Land Cruiser HZJ75, èyí tó gùn lẹ́yìn yẹn, tí àwọn NGO máa ń gbé wọ inú oko tí wọ́n sì máa ń fi ṣe ambúláǹsì. Ẹ́ńjìnnì 1HZ ló wà níbẹ̀, 4.2 lítà, sílíńdà 6 tó tò tẹ̀ léra. Ẹ́ńjìnnì yẹn kì í kú, gbogbo wa la mọ̀, àmọ́ ó lọ́ra, ó lọ́ra gan-an ni. Agbára ẹṣin bíi 130 péré ni, ọkọ̀ fúnra ẹ̀ sì ti wúwo ju tọ́ọ̀nù 2 lọ kí èèyàn tó wọlé. Ẹ gba ọ̀nà Ẹrìn-Ìjẹ̀ṣà gòkè lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè lọ́jọ́ tí ẹ bá kó ẹrù, ẹ ó rí i pé jíà kejì lẹ ó fi gùn ún, tírélà á máa fun fèrè lẹ́yìn yín bíi pé ẹ jẹ ẹ́ lówó.

Bí mo ṣe ní kí n wá tọ́bò nìyẹn. Tọ́bò Toyota kan tókúnbọ̀ tí wọ́n ń pè ní CT26 ni mo rà ní Araromi, ọjà páàtì ọkọ̀ ní Ìbàdàn níbí, torí òun ló wà lára 1HD-T, ẹ́ńjìnnì tí Toyota gbé jáde pẹ̀lú 1HZ lọ́dún 1990 tó jẹ́ pé ilé iṣẹ́ ló fi tọ́bò sí tiẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń tà á fi ọ̀rọ̀ dídùn gba owó yín o. Ẹ fi ìka mú irin àárín ẹ̀, ẹ mì í. Tó bá mì díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, kò burú, ọ́ìlì ló máa kún àyè yẹn tó bá ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ tó bá ń lọ síwájú tó ń bọ̀ sẹ́yìn, tàbí tí àwọn abẹ inú ẹ̀ tó ń yí ti ń ha ara ògiri ẹ̀, ẹ gbé e kalẹ̀ kí ẹ máa lọ. Nǹkan yẹn ń yí ju ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ẹgbàárùn-ún lọ ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn 100,000 ó lé, kò sí àyè àṣìṣe níbẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti gbọ́ mi dáadáa rèé. Gbogbo ẹni tó rí ọkọ̀ yẹn lẹ́yìn tá a kan tọ́bò tán, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ: ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká yí sukúrúù ẹ̀yìn pọ́ǹpù kó lè gba dísù sí i, ìgbà yẹn lẹ máa mọ̀ pé tọ́bò wà níbẹ̀. Mi ò gbà. Dísù kì í ṣe bẹntiróòlù. Bẹntiróòlù tó bá pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, ṣe ló máa ń bá yín mú ooru inú sílíńdà wálẹ̀, ṣùgbọ́n dísù ní tiẹ̀, bó bá ṣe ń pọ̀ sí i fún afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀ ni iná ẹ̀ ń le sí i. Tẹ́ ẹ bá fi afẹ́fẹ́ kún un tẹ́ ò fi dísù kún un, ooru á lọ sílẹ̀, èéfín dúdú á pòórá, agbára á sì wá díẹ̀, torí dísù tó ti ń jó dànù tẹ́lẹ̀ ló wá ń jó dáadáa. Torí náà kì í ṣe tọ́bò ló ń pa àwọn ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí. Sukúrúù yẹn ni.

1HZ pàápàá, kò yẹ ká máa fi ooru dán an wò. Ó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ dé ìlọ́po 22 ó lé, 1HD-T tó bá tọ́bò wá kò tó 19. Inú yàrá kékeré kan nínú tọ́ọ̀pù sílíńdà ni iná ti ń bẹ̀rẹ̀ kó tó bọ́ sórí písítìnì, ibẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń là tí ooru bá pọ̀. Ọkọ̀ kan wà ní wọ́kúṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tiwa, 1HZ bíi tèmi, tọ́bò lórí ẹ̀, wọ́n yí sukúrúù títí inú oní-ọkọ̀ fi dùn, ó ń sáré lóòótọ́, ó ń tú èéfín dúdú bí ẹni ń dáná ìyàwó. Nígbà tí wọ́n tú u, orí písítìnì méjì ti yọ́ lẹ́bàá ẹ̀gbẹ́. Wọ́n ní tọ́bò ni kò dáa.

Kí n tó fọwọ́ kan sukúrúù tèmi, géèjì ooru ni mo kọ́kọ́ rà, èyí tí wọ́n ń ki ọ̀pá ẹ̀ sínú mánífóòdù, irin tó ń kó èéfín jáde látinú ẹ́ńjìnnì, níwájú tọ́bò, kì í ṣe lẹ́yìn ẹ̀ o, torí tẹ́ ẹ bá fi sẹ́yìn, ohun tẹ́ ẹ máa kà máa kéré ju ohun tí písítìnì ń rí lọ dáadáa. Àwọn ará Ọsirélíà tó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kan tọ́bò mọ́ 1HZ kì í fẹ́ kó kọjá bíi 700 dígíìrì Sẹ́ṣíọ̀sì níbẹ̀ tí wọ́n bá ń gun òkè. Èmi fi tèmi sí 650, mo yí sukúrúù díẹ̀díẹ̀ lórí òkè Ẹ̀fọ̀n pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, tó bá ti ń sún mọ́ 650 mo dá a padà. Agbára tí tọ́bò fi ń ti afẹ́fẹ́ wọlé ò kọjá 8 psi. Jíà kẹta ni mo fi ń gòkè báyìí. Kì í ṣe ọkọ̀ eré ìdíje, àmọ́ tírélà ò fun fèrè mọ́.

Ó yá, ẹ̀yin náà.

Wẹ́dà Mushin:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti sọ gbogbo ẹ̀ tán, ṣùgbọ́n ẹ ò sọ̀rọ̀ mánífóòdù, ẹ fi èyí tó le jù sílẹ̀ fún àwa. Àwọn èèyàn máa ń gbé páípù omi wá fún mi, èyí tó ń dán yẹn, tí wọ́n fi síǹkì bò, pé kí n fi ṣe é torí pé kò wọ́n. Mi ò jẹ́ jó o. Èéfín síǹkì yẹn tẹ́ ẹ bá fà á símú, ibà á gbé yín lálẹ́ ọjọ́ yẹn, òtútù á máa mú yín bí onímàlẹ́ríà, ọ̀gá mi tó kọ́ mi níṣẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ níṣojú mi. Páípù dúdú tó nípọn ni kí ẹ wá, àti igun ẹ̀ tí wọ́n ti tẹ̀ láti ilé iṣẹ́, pẹ̀lú pákó irin tó tó mílímítà 10 tàbí 12 fún ibi tó máa kan ẹ́ńjìnnì.

Ohun tó sì ń mú kí gbogbo ẹ̀ tẹ́ ni ọ̀nà tí wọ́n gbà ń jó o. Ẹ wá tọ́ọ̀pù sílíńdà tó ti bàjẹ́, ẹ de irin yẹn mọ́ ọn pẹ̀lú gbogbo bóòtì ẹ̀, orí ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti jó o, kẹ́ ẹ jẹ́ kó tutù níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó tú u. Àìṣe bẹ́ẹ̀, á tẹ̀, gáskẹ́ẹ̀tì ò ní mú un. Tẹ́ ẹ bá parí, ẹ gé irin yẹn láàárín ihò kan sí èkejì, torí ó ń gùn sí i tó bá gbóná, tí ò bá rí àyè gùn, á là. Ẹ fi apá irin gbé tọ́bò fúnra ẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, ẹ má jẹ́ kó rọ̀ sórí páípù nìkan, nǹkan tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ tó sì ń gbọ̀n ní ojú ọ̀nà wa yìí, ẹ kú ewu.

Ọ̀gá Patrol:
Èmi rí ẹ́ńjìnnì tó ń sá fúnra ẹ̀ o. Nissan Patrol ni, TD42, 4.2 lítà lòun náà, tọ́bò àfọwọ́kàn lórí ẹ̀, wọ́kúṣọ́ọ̀bù kan ní Èkó, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ ni, wọ́n ta á, ó dáhùn, inú gbogbo wọn dùn, ọ̀gá wọn tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ké, ó sì kọ̀ kò wálẹ̀ mọ́. Wọ́n yọ kọ́kọ́rọ́, ó ń ké síwájú sí i ni. Èéfín funfun tó ń fa búlúù bo gbogbo àdúgbò, àwọn tó ń ta ọjà lójú títì ti ń kó igbá, ẹnì kan ń pariwo pé ó máa bú o.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé páípù tó ń dá ọ́ìlì padà láti inú tọ́bò sí sọ́ọ̀mpù, agbada ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ti rọ́ sí abẹ́, ọ́ìlì ò rí ọ̀nà lọ, ó bá gba inú tọ́bò wọ ọ̀nà afẹ́fẹ́. Ẹ́ńjìnnì dísù ò mọ̀ bóyá dísù lẹ ń fún un tàbí ọ́ìlì, ohun tó bá ti lè jó ló máa jó, kọ́kọ́rọ́ ò sì ní agbára lórí ọ́ìlì. Ọmọ iṣẹ́ kan ti mú àkísà pé kóun fi dí ẹnu ẹ̀, bàbá àgbà kan tó wà níbẹ̀ gbá a lọ́wọ́, torí ṣe ló máa fà á wọlé. Pákó pẹlẹbẹ ni bàbá yẹn gbé, wọ́n ti fa hóòsì kúrò níbi fíítà afẹ́fẹ́, ó gbá pákó yẹn mọ́ ẹnu páípù, ó dì í mú. Ẹ́ńjìnnì kú. Gbogbo ilẹ̀ dákẹ́, bàbá yẹn ní kí wọ́n lọ ra ohun mímu fóun.

Tó bá jẹ́ oní-jíà ọwọ́ ni, tó sì jẹ́ pé ẹ wà nínú ẹ̀: ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ gidi, ẹ ki í sí jíà tó ga jù, ẹ tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, á kú. Jíà ọtọmátíìkì ò lè ṣèyẹn. Páípù ìpadà ọ́ìlì yẹn gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó àtàǹpàkò, kó máa sọ̀ kalẹ̀ láìsí ibi tó ti ń gòkè padà, kó sì wọ sọ́ọ̀mpù lókè ibi tí ọ́ìlì dúró dé. Èyí tó ń gbé ọ́ìlì wá lè tín-ín-rín, pọ́ǹpù ló ń tì í. Èyí tó ń padà, kò sí ohun tó ń tì í o, ṣe ló kàn ń ṣàn.

Ọmọ Èkìtì ní Birmingham:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọgbọ́n. Ní tiwa níbí, Land Rover ni. Èyí tí mo rà, 2.5 dísù tí kò ní tọ́bò, agbára ẹṣin ẹ̀ ò tó 70, ẹ rò ó wò. Mo ti ń fẹ́ kan tọ́bò mọ́ ọn, ni ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ òyìnbó, àgbàlagbà tó ti ń tú Land Rover látìgbà èwe ẹ̀, bá rẹ́rìn-ín mi. Ó ní ilé iṣẹ́ Land Rover fúnra wọn ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1986, wọ́n gbé tọ́bò lé 2.5 yẹn, agbára ẹṣin 85 ló fún wọn, písítìnì ọ̀pọ̀ nínú àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ sì là. Ohun tí wọ́n wá ṣe ni pé wọ́n gbé 200Tdi jáde, tó bá tọ́bò dé, iná ẹ̀ ń jó lórí písítìnì tààrà, wọ́n sì gbé e sínú Defender lọ́dún 1990, agbára ẹṣin 107. Ó ní kí n wá Discovery, jíípù Land Rover mìíràn tí 200Tdi wà nínú ẹ̀, tí ìpẹtà ti jẹ ara ẹ̀, kí n yọ ẹ́ńjìnnì ẹ̀. Bí mo ṣe ṣe é nìyẹn, mi ò kan tọ́bò kankan, ẹ bínú tàbí ẹ má bínú.

Ohun mìíràn tó wà níbí tí kò yọ yín lẹ́nu nílé ni ínṣọ́ránsì. Ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún wọn pé ẹ ti yí ẹ́ńjìnnì padà. Tẹ́ ò bá sọ, tí ìjàǹbá ṣẹlẹ̀, wọ́n lè ní àwọn ò mọ̀ yín rí.

Dẹ́rẹ́bà Mambilla:
Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìwúlò tọ́bò, kó gbé ọkọ̀ tí kò ní i láti Serti gun òkè lọ sí Gembu ní ìpínlẹ̀ Taraba. Orí òkè Mambilla ga tó bíi mítà 1,600, afẹ́fẹ́ ò nípọn níbẹ̀ bíi tìsàlẹ̀, pọ́ǹpù ò sì mọ̀, dísù kan náà tó ń fún un ní Ìbàdàn ló ń fún un lókè ibẹ̀. Èéfín dúdú lẹ máa rí, ọkọ̀ ò ní lè fà. Land Cruiser tí mo ń wà fún àwọn èèyàn kan, nígbà tí wọ́n kan tọ́bò mọ́ ọn, èéfín yẹn lọ, mo rò pé ọkọ̀ mìíràn ni mo wà.

Àmọ́ kílọ́ọ̀ṣì ló kọ́kọ́ kígbe. Ẹ́ńjìnnì ń ké, ọkọ̀ ò lọ, òórùn tó ń jó ti gba gbogbo inú ọkọ̀, àwọn èrò ní ṣé mo ń sun ẹran ni. Rédíétọ̀ náà, ẹ fọ̀ ọ́ tàbí kẹ́ ẹ gbé tuntun, torí ooru tó ń wá ti pọ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Tẹ́ ẹ bá sì gun òkè tán, ẹ má pa á lójú ẹsẹ̀ torí pé ẹ fẹ́ lọ jẹun. Ẹ jẹ́ kó máa dún jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì mẹ́ta, tọ́bò ti pupa, tí ọ́ìlì bá dúró sínú ẹ̀ á jóná di èédú, ìyẹn ló máa dí ọ̀nà tí Ọ̀gá Patrol ń sọ yẹn.

Ọmọ iṣẹ́:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ọ̀gá, mo ní tọ́bò tírélà kan nílẹ̀, ó ṣì dáa, ṣé ó lè ṣe 1HZ? Ṣé dandan sì ni intercooler?

Ará Gate:
Àbúrò, tà á fún onítírélà. Ó tóbi jù, èéfín ẹ́ńjìnnì rẹ ò ní lè yí i títí wàá fi tẹ̀ ẹ́ dókè, ibi tí agbára 1HZ sì wà ni bíi ìyípo 2,200 ní ìṣẹ́jú kan, ìsàlẹ̀ níbẹ̀ lo nílò ẹ̀ nínú ẹrẹ̀, kì í ṣe lókè. Intercooler, ìyẹn rédíétọ̀ tó ń mú afẹ́fẹ́ tọ́bò tutù, dáa, afẹ́fẹ́ tí tọ́bò bá fún pọ̀ máa ń gbóná, tó bá sì tutù ó máa ń pọ̀ sí i, ó sì ń bá ẹ mú ooru wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 8 psi, èmi ò ní i, géèjì mi ò sì tíì bá mi jà. Owó tó o bá fẹ́ fi rà á, kọ́kọ́ fi ra géèjì.

Kó o tó ṣe gbogbo èyí, ṣí iwájú ẹ́ńjìnnì yẹn, wo bẹ́líìtì táímìn. Bẹ́líìtì ló wà lára 1HZ, kì í ṣe ṣéènì, tó bá já, fáàfù àti písítìnì á pàdé. Tí o ò bá mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ kẹ́yìn, pààrọ̀ ẹ̀. Tuntun o, mi ò sọ tókúnbọ̀.