Ṣé Usnea ló ń pa ẹ̀ka páìnì mi?
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin onímọ̀ igi. Páìnì ilẹ̀ Scotland kan, Pinus sylvestris, wà lẹ́yìnkùlé mi ní Inverness; Usnea, lichen (ohun alààyè tó máa ń hù lára igi àti òkúta) tó rí bí irùngbọ̀n àgbà, ti bo àwọn ẹ̀ka ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì ń gbẹ. Mo fa díẹ̀ ya: kò ní gbòǹgbò, okùn funfun kan ló ń nà láàárín rẹ̀ bíi rọ́bà. Mo kà pé òjò àti afẹ́fẹ́ ló ń bọ́ ọ, nígbà tí páìnì ń fi gbòǹgbò fa omi tirẹ̀ láti inú ilẹ̀, nítorí náà n kò tíì gé nǹkan kan. Kí ni mo lè wò lára igi náà láti mọ̀ bóyá ẹ̀ka ti ń kú kí Usnea tó dé? Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Mo dúpẹ́ ṣáájú ìdáhùn yín.