Chevelle 1969: gíàbọ́ọ̀sì ni kí n kọ́kọ́ pààrọ̀ ni, àbí gíà ẹ̀yìn?

Ọmọ Ṣàgámù, Houston:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Mo ní Chevrolet Chevelle Malibu 1969 kan tí mò ń tún ṣe, bọ́dì ti parí, wọ́n ti kùn ún, ẹ́ńjìnì 350 inú ẹ̀ náà a ti tú u tò padà, ó ń dún dáadáa, kò rú èéfín, kò jẹ ọ́ìlì. Ibi tó kù tó sì ń dà mí láàmú ni láti gíàbọ́ọ̀sì lọ sẹ́yìn. Powerglide, gíàbọ́ọ̀sì ọtomátíìkì onígíà méjì, ló wà níbẹ̀, gíà ẹ̀yìn (èyí tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì, kì í ṣe rífáàsì) jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní 10-bolt, ẹni tó tà á fún mi sọ pé 3.08 ni, ìyẹn ni pé pròpẹ́là (irin gígùn tó so gíàbọ́ọ̀sì mọ́ gíà ẹ̀yìn) máa ń yí nígbà 3.08 kí táyà méjèèjì tó yí lẹ́ẹ̀kan. Tí iná títì bá gbà mí láyè tí mo tẹ tòtù, ńṣe ló máa rọra fà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Mẹkáníìkì mi ní kí n gbé 4.11 sí ẹ̀yìn kí n fi Powerglide sílẹ̀, ó ní owó ẹ̀ kéré ọkọ̀ á sì fò. Àmọ́ èmi ò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni sáré, mo fẹ́ máa fi gbé ìyàwó àtàwọn ọmọ lọ sí Dallas ni, I-45 tààrà. Táyà ẹ̀yìn ga tó ínṣì 26. Èwo ni kí n kọ́kọ́ náwó lé?

Mẹkáníìkì Mushin, Dallas:
Àbúrò, má gbé 4.11 yẹn sí i o. Jẹ́ n ṣàlàyé ẹ̀ fún ẹ. Gíà kìíní Powerglide jẹ́ 1.76, àwọn míì 1.82. Sọ 1.76 di ìlọ́po 3.08, kò ju 5.4 lọ, ìyẹn ni ìlọ́po agbára tó ń dé táyà nígbà tóo bá ń ṣí, kéékèèké báyìí ni, ìdí nìyẹn tó fi ń lọ́ra, kì í ṣe ẹ́ńjìnì ẹ ló ní àìsàn. Tóo bá fi 4.11 sí i á di 7.2, ó sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n gíà òkè Powerglide jẹ́ 1.00 péré, tóo bá dé I-45 tóo ń sá 70 máìlì láàárín wákàtí, ẹ́ńjìnì á máa yí bíi 3,700 ní ìṣẹ́jú kan, láti Houston dé ọ̀dọ̀ wa níbí, pẹ̀lú àwọn ọmọ lẹ́yìn, ariwo nìkan á ti sú yín kí ẹ tó dé ìdajì ọ̀nà, ká má tíì sọ ti epo.

700R4 ni kóo wá, gíàbọ́ọ̀sì ọtomátíìkì onígíà mẹ́rin. Gíà kìíní ẹ̀ 3.06, ìkẹrin 0.70. 3.06 ìlọ́po 3.08, ó lé ní 9.4. Ẹni tó gbé Turbo 350 (gíàbọ́ọ̀sì onígíà mẹ́ta) tó ní 2.52 ní gíà kìíní mọ́ gíà ẹ̀yìn 3.73, 9.4 yìí kan náà lòun náà rí! Ìyẹn ni pé wàá máa ṣí bí ẹni tó ní 3.73, o ò ní fọwọ́ kan gíà ẹ̀yìn rárá, tóo bá sì wọ gíà kẹrin ní 70 máìlì, ẹ́ńjìnì ò ní yí tó 2,000. Wá èyí tó jẹ́ ti 1987 sókè, wọ́n ti tún un ṣe ju ti 1982 tó kọ́kọ́ jáde lọ.

Ọmọ Ìkòròdú, Atlanta:
Mo gbà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n lórí gíà mẹ́rin, àmọ́ 200-4R lèmi máa mú. 700R4 gùn, ó máa fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ínṣì mẹ́ta ju ohun tó wà níbẹ̀ lọ, ó di dandan kẹ́ ẹ gé pròpẹ́là kúrú kẹ́ ẹ sì tún un bálánsì. 200-4R gùn bákan náà pẹ̀lú Turbo 350 onírù kúkúrú, pròpẹ́là yín lè má yẹ̀ kúrò níbi tó wà, irin tó gbé gíàbọ́ọ̀sì dúró nìkan lẹ máa sún. Gíà ẹ̀ sì tẹ̀lé ara wọn dáadáa, 2.74 sí 1.57, ti 700R4 fo láti 3.06 bọ́ sí 1.63, ẹ máa gbọ́ ọ lára ẹ́ńjìnì. Òun ló wà nínú ọkọ̀ Buick Grand National. Kẹ́ ẹ ṣáà wo ojú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó, nítorí àwọn kan ò ní ihò bọ́ótì tó bá Chevrolet mu.

Mẹkáníìkì Mushin, Dallas:
Òótọ́ ni ti gígùn yẹn, mi ò bá ẹ jiyàn. Ṣùgbọ́n èyíkéyìí tó bá mú nínú méjèèjì, ẹ jọ̀ọ́, OKÙN TV yẹn (throttle valve ni, kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n)! Ó ń ti ara kabúrétọ̀ wá, òun ló ń sọ fún gíàbọ́ọ̀sì iye ìfúnpá ọ́ìlì tó yẹ. Tó bá dẹ̀, tàbí tí irin tí wọ́n so ó mọ́ kò bá irú kabúrétọ̀ yẹn mu, kílọ́ọ̀ṣì inú á jó, kì í pẹ́ rárá, àwọn èèyàn á wá máa pariwo pé gíàbọ́ọ̀sì ò dáa. Ọkàn mi máa ń bàjẹ́ tí mo bá rí i. Ra irin kabúrétọ̀ ẹ gan-an, kí wọ́n fi géèjì wọn ìfúnpá ọ́ìlì kóo tó gbé e jáde, kóo sì fi kúlà ọ́ìlì gíà sí iwájú nítorí ooru Texas.

Ìyá Ìbejì, Baltimore:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ gbé ọmọ, irú bíréèkì wo ló wà níwájú? Ọ̀pọ̀ Chevelle ọdún yẹn, dúrọ́ọ̀mù ni wọ́n fi wà níwájú, ẹni tó bá fẹ́ dísìkì ló ń sanwó kún un. Tó bá jẹ́ dúrọ́ọ̀mù, èmi ò ní í fi kọ́bọ̀ kankan ra gíàbọ́ọ̀sì títí bíréèkì á fi di dísìkì.

Bàbá Àgbà, Chicago:
Ọmọ mi, ẹni tó ta ọkọ̀ lo gbà gbọ́ lórí 3.08 yẹn? Yẹ̀ ẹ́ wò fúnra ẹ. Há táyà iwájú mọ́lẹ̀ kó má yí, kóo fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan, kí èkejì wà nílẹ̀, fi gíà sí fírì. Fi ẹfun sàmì sí táyà àti pròpẹ́là, wá yí táyà yẹn lẹ́ẹ̀mejì gbáko (torí èkejì ò yí, méjì yìí ló dúró fún ẹ̀ẹ̀kan). Iye ìgbà tí pròpẹ́là bá yí ni nọ́ńbà gíà ẹ. Tí táyà bá kọ̀ tí kò yí, Posi ni, ìyẹn gíà ẹ̀yìn tó ń fa táyà méjèèjì pọ̀. Má sì sọ Powerglide náà nù o, dì í kóo gbé e pamọ́, kóo wá ìwé ilé iṣẹ́ tí wọ́n máa ń rọ sórí táńkì epo nígbà míì. Ní 1969, SS 396 (Chevelle oníẹ́ńjìnì ńlá) kì í ṣe ohun tó hàn nínú VIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, torí àfikún ni wọ́n tà á, Z25 lorúkọ àfikún náà. 136 tó máa ń bẹ̀rẹ̀ VIN Malibu V8 kò sọ fún ẹ bóyá ẹ́ńjìnì tó kọ́kọ́ wà níbẹ̀ ni èyí àbí òun kọ́.

Ọmọ Ṣàgámù, Houston:
Ẹ ṣeun gan-an, mo dúpẹ́ Bàbá. Mo ti yí i: pròpẹ́là yí lẹ́ẹ̀mẹta, ó tún fi díẹ̀ kọjá, táyà sì yí wọ́ọ́rọ́, kì í ṣe Posi. Mọ̀mí, dúrọ́ọ̀mù ni o, torí náà dísìkì lókọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn 200-4R, torí pé mi ò fẹ́ gé pròpẹ́là. Posi ńkọ́, ṣé kí n dà á pọ̀ mọ́ ọn?

Mẹkáníìkì Mushin, Dallas:
Dúró ná. Wa ọkọ̀ náà pẹ̀lú gíà tuntun, tí táyà kan bá ń yí lófo nígbà tóo bá ń ṣí nínú òjò, ìgbà yẹn ni kóo ra Posi, kóo sì rántí da ọ́ìlì àfikún tiẹ̀ sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á máa dún kí-kí-kí tóo bá ń kọ́nà. Ṣírò gíà kékeré tó ń wa kílómítà (aago eré ọkọ̀) náà kí wọ́n tó ti gíàbọ́ọ̀sì mọ́ ọkọ̀, ó rọrùn láti pààrọ̀ ẹ̀ nígbà tó ṣì wà nílẹ̀.