Ṣé àwáwí ni ọ̀rọ̀ Sọ́ọ̀lù?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Nínú Sámúẹ́lì Kìíní orí 15, Ọlọ́run ní kí ọba Sọ́ọ̀lù pa àwọn ará Ámálékì àti gbogbo ẹran wọn run, ṣùgbọ́n ó dá àwọn àgùntàn tó dára sí; ó ní ẹ̀rù àwọn ènìyàn ni ó ba òun tí òun fi gbọ́ tiwọn. Ṣé a lè pè é ní àwáwí, nígbà tí ó jẹ́wọ́ pé òun ṣẹ̀?

Ìdáhùn: Àwáwí gbáà ni! Àgùntàn ń ké lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ń sọ pé òun ti pa àṣẹ Olúwa mọ́.

Ìdáhùn: Ẹ wo ọba Dáfídì, ẹni tí kò di ẹ̀bi náà ru Bátíṣébà, aya Ùráyà tí ó bá ṣe panṣágà, nígbà tí wòlíì Nátánì bá a wí, ṣùgbọ́n tí ó gbà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé òun ti ṣẹ̀ sí Olúwa.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Ìyàwó mi ni mo máa ń dá lẹ́bi bí mo bá pa àdúrà òwúrọ̀ tì. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ yìí.